Ìdáríjì àti Ìdáláre: Ọ̀rọ̀ Bíbélì Méjì ní Ẹnu Ọ̀nà Kirikiri

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí: ìdáríjì àti ìdáláre. Àwọn méjèèjì wà nínú Bíbélì Yorùbá, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́nu àwọn tó ń dájọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lò wọ́n bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí Ìwé Mímọ́ fi kọ́ni nípa gbígba ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ náà. Kò sì sí ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti ń dunni bí i Kirikiri.

Kirikiri wà ní ìhà Àpápá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sì jìnnà sí Ajégúnlẹ̀. Ọdún 1955 ni a dá ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ààbò rẹ̀ le jù lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọgbà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ lónìí: èyí tí ààbò rẹ̀ le jù lọ, èyí tí ààbò rẹ̀ mọ níwọ̀n, àti ti àwọn obìnrin. Orúkọ ìlú náà ti wọ inú èdè wa débi pé bí ará Èkó bá ní wọ́n ti gbé lágbájá lọ sí Kirikiri, kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ó lọ ṣe níbẹ̀. Ní ọdún 2019, òfin tuntun pa orúkọ àjọ tó ń ṣàkóso irú ọgbà bẹ́ẹ̀ dà, ó sọ ọ́ di àjọ àtúnṣe ìwà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn, ẹ̀wọ̀n ṣì ni ẹ̀wọ̀n, ọ̀rọ̀ tí ó tún jẹ́ orúkọ irin tí a fi ń de ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé ni Yorùbá ti ń tọrọ àforíjì. Bí ọmọ bá ṣẹ àgbà, yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, yóò ní, “Ẹ foríjì mí.” Àwọn baba wa sì tún ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ẹjọ́. Are ni ẹ̀tọ́ ẹni nínú ẹjọ́, ẹ̀bi sì ni òdìkejì rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tọ́ sí jàre. Ẹni tí ó ṣẹ̀ jẹ̀bi. Ọba tàbí baálé tí ó bá dá ẹjọ́ yóò dá ẹnìkan láre, yóò sì dá ẹnìkejì lẹ́bi. Nígbà náà ni a tó lè máa sọ̀rọ̀ ìdáríjì, nítorí pé ẹni tí ó jẹ̀bi nìkan ni a lè dárí jì. Ẹni tí ó jàre kò ní ohunkóhun tí a ó fi jì í. Bí a bá lọ bá a tí a ní, “Má ṣèyọnu, a ti dárí jì ọ́,” èébú ni a bú u.

Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ni ó ṣáájú nínú gbígbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọ inú Bíbélì. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú; ní ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì dàgbà ní Freetown. Ní ọdún 1843 ni a fi í jẹ àlùfáà, ọdún yẹn kan náà sì ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, níbi tí ó ti tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ní ọdún 1850, ìtumọ̀ tí ó ṣe sí Ìwé Róòmù jáde. Iṣẹ́ náà ń bá a lọ, àwọn ẹlòmíràn bí i Thomas King sì kópa nínú rẹ̀, títí odindi Bíbélì fi parí ní ọdún 1884.

Ó tó kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ronú sí i pé Róòmù wà lára ohun tí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀. Bí ilé ẹjọ́ ni ìwé náà rí. Ní orí kẹta, Pọ́ọ̀lù kó gbogbo aráyé síwájú Onídàájọ́, ó sì fi hàn pé kò sí ẹni tí ó jàre nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tí kò sí nínú ẹjọ́ baálé kankan: pé àwọn tí ó jẹ̀bi yìí gan-an ni Ọlọ́run ń dá láre lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ Kristi. Ní orí kẹrin, ó pe Dáfídì ní ẹlẹ́rìí, ẹni tí ó kọrin nípa ìbùkún ẹni tí a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù, ẹni tí Ọlọ́run dárí jì kì í lọ sílé pẹ̀lú orúkọ ẹlẹ́bi, a ti kà á sí olódodo. Ìdí tí èyí kò fi jẹ́ àbòsí, gẹ́gẹ́ bí àpọ́sítélì náà ti wí, ni pé Ẹlòmíràn ti san gbèsè náà.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń gba ìdáríjì yìí? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá mẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òwe yìí kò jìnnà sí ohun tí Jòhánù kọ nínú ìwé rẹ̀ kìíní, pé ìjẹ́wọ́ ni ọ̀nà. Nínú ìtàn tí Lúùkù kọ ní orí 18, Farisí ka iṣẹ́ rere rẹ̀ fún Ọlọ́run, agbowó òde sì lu àyà rẹ̀, ó tọrọ àánú. Agbowó òde ni a dá láre. Ní orí tó tẹ̀ lé e, Sákéù fi kún un pé òun yóò san ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìwé Mímọ́ kò sọ pé sísan náà ni ó ra ìdáríjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rí àánú gbà kò lè jókòó ti ẹrù olóhun. Ní orí 18 Mátíù ẹ̀wẹ̀, ìránṣẹ́ tí ọba fi gbèsè tálẹ́ńtì 10,000 jì lọ gbá ẹnìkejì rẹ̀ lọ́rùn mú nítorí dínárì 100, ó sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ọba bínú sí i, ó sì fà á lé àwọn onítúbú lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè dárí ji ẹlòmíràn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn náà. Àwọn baba wa mọ èyí náà, ni wọ́n ṣe ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń wàásù fún ẹlẹ́wọ̀n kò gbọdọ̀ fò. Ìdáríjì kì í fìgbà gbogbo mú ìyà kúrò. Nátánì sọ fún Dáfídì pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, síbẹ̀ ọmọ náà kú. Olè orí àgbélébùú gba ìlérí párádísè, síbẹ̀ orí àgbélébùú náà ni ó kú sí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ìyà tí àwọn méjèèjì ń jẹ tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n pé Jésù kò ṣe ohun búburú kankan. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó sì dá Jésù láre. Ó mọ ìyàtọ̀ náà.

Pọ́ọ̀lù náà mọ̀ ọ́n. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, wọ́n na òun àti Sílà ní gbangba ní Fílípì, wọ́n sì jù wọ́n sí túbú láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Ilẹ̀ mì lóru, ìlẹ̀kùn ṣí, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kò sì sá. Ẹ wo ẹni tí ó gba ìgbàlà lóru ọjọ́ náà: onítúbú ni, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn aláṣẹ ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá Pọ́ọ̀lù àti Sílà sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní ọmọ ìlú Róòmù ni àwọn, a sì ti na àwọn ní gbangba láìdá àwọn lẹ́bi. Kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Ẹni tí ó kọ́ gbogbo ayé nípa ìdáríjì kò gbà kí a sọ ìdásílẹ̀ bòókẹ́lẹ́ di àfidípò are rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin fún ààrẹ àti àwọn gómìnà ní agbára láti dárí ji ẹni tí ó bá ṣẹ̀. Abala 175 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ni ti ààrẹ, abala 212 sì ni ti gómìnà. Wọ́n lè dárí ji ènìyàn pátápátá tàbí pẹ̀lú àdéhùn, wọ́n lè sún ìyà síwájú, wọ́n lè fi èyí tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì lè dín in kù. Agbára àánú ni, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1915, àwọn adájọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a rántí: pé irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀ gbé ẹ̀bi lọ́wọ́, àti pé ẹni tí ó bá gbà á ti jẹ́wọ́.

Ọdún 2025 fi èyí hàn wá nílé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ìdáríjì fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn Ògóni mẹ́jọ tí ìjọba ológun so kọ́ ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995. Àjọ Amnesty International àti àwọn míràn dáhùn pé ìdáríjì kò tó, nítorí pé ó túmọ̀ sí pé wọ́n ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìdáláre.

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, orúkọ Herbert Macaulay jáde nínú àwọn tí ìjọba dárí jì. Ọdún 1913 ni ilé ẹjọ́ àwọn amúnisìn dá a lẹ́bi lórí owó tí a fi síkàáwọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Nítorí ìdájọ́ náà, kò lè díje fún ipò ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní ọdún 1923. Ó kú ní ọdún 1946. Ilé iṣẹ́ ààrẹ sọ pé ìwà àìtọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ìdáríjì náà tún ṣe. Ọmọ ọmọ Crowther ni Herbert Macaulay. Abigail, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù náà, ni ìyá rẹ̀. Mo ka ìròyìn náà tán, mo sì rò ó pé ìwé tí bàbá àgbà rẹ̀ túmọ̀ ní ọdún 1850 ní ọ̀rọ̀ tí ìjọba ń wá. Bí a bá gbà pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, a jẹ́ pé ìdáláre ni ó tọ́ sí i, kì í ṣe ìdáríjì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kirikiri. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́. Wọ́n ń retí ẹjọ́, àwọn kan fún ọdún púpọ̀. Gbogbo wa ni a nílò ìdáríjì Ọlọ́run, oníwàásù kò sì ṣìṣe bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n níwájú ìjọba, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì ní ẹ̀bi tí a lè fi jì í. Ẹjọ́ ni ó ń retí, kí a tó mọ̀ bóyá ó jàre. Bí a bá wàásù ìdáríjì fún un lọ́nà tí yóò fi gbàgbé are rẹ̀, a ti ṣe ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ̀ ní Fílípì.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ nínú ìròyìn pé a ti dá ẹnìkan sílẹ̀ ní Kirikiri, ẹ béèrè síwájú sí i. Gbólóhùn yẹn sọ fún wa pé ìlẹ̀kùn ṣí, kò sì sọ ohun tó ṣí i. Ó lè jẹ́ pé ó ti lo ọjọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, pé a gba onídùúró rẹ̀, pé a dárí jì í, tàbí pé a dá a láre. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a máa fún oníkálukú ní èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀.