Ta Ni Onígbọ̀wọ́? Ìnáwó Ọkọ̀ Ojú Irin Ìlú Èkó, 1979 sí 2024

Àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn ọkọ̀ ojú irin ìlú Èkó sábà máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba ológun tí ó fagi lé ètò Lateef Jakande ní 1985. A kò jiyàn èyí. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀nà tí a fẹ́ gbà náwó sí ètò náà ni ó mú kí ó rọrùn láti pa á.

Jakande, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 sí 1983, pète ojú irin oníkìlómítà 28.5, láti Marina dé Agége. Interinfra, àkójọpọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, ni ó gba iṣẹ́ náà. Ẹ̀yáwó òkèèrè ni a sì gbójú lé. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1979 fi àṣẹ lórí rélùwéè àti lórí owó yíyá fún ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí gbèsè sì wọ orílẹ̀-èdè lọ́rùn, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fòpin sí àdéhùn náà. Iye tí a sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àdánù lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là.

Ọ̀nà mìíràn ni a gbà lẹ́yìn náà. Ní 2002, òfin ìpínlẹ̀ dá àjọ LAMATA sílẹ̀. Ní 2010, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Blue Line, tí púpọ̀ nínú owó rẹ̀ jáde láti àpò ìpínlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: gómìnà mẹ́ta bá iṣẹ́ náà lọ, ẹnìkan nínú wọn kò sì fagi lé e. Buhari fúnra rẹ̀, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, ni ó ṣí i ní oṣù Kìíní 2023. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án.

A lè tako wa pé kìlómítà 13 láàárín ọdún 13 kì í ṣe ohun ìyangàn. Òótọ́ ni, ìfalẹ̀ náà ní iye tirẹ̀, àwọn tí ń há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́ ni ó sì san án. Bẹ́ẹ̀ ni Red Line, tí a ṣí ní oṣù Kejì 2024, kò lè ṣe kí ó má gba ìyọ̀ǹda ìjọba àpapọ̀, nítorí orí ilẹ̀ rélùwéè ni ó gbà kọjá. Àtúnṣe òfin ti oṣù Kẹta 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àṣẹ lórí rélùwéè, ṣùgbọ́n kò pèsè owó. Nítorí náà, kí a tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ojú irin tuntun yóò gbà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí ó ṣe onígbọ̀wọ́, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún yọwọ́.