Ṣé Ìbọn Olówó Ńlá Ló Ń Gba Góòlù? Ìtàn Ìbọn .22 àti Matt Emmons

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ìbéèrè tòní ni pé: ṣé òwe yìí bá ìbọn ìdíje mu? Bí ẹnì kan bá ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ fara balẹ̀ ṣe ìbọn fún òun nìkan, tí ẹnì kejì sì ra èyí tí iléeṣẹ́ tò sórí àtẹ, ṣé dandan ni kí olówó borí? Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ìbọn tí à ń sọ kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Ìbọn kékeré ni, ti ọta .22. Louis-Nicolas Flobert, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ irú ọta yìí ní nǹkan bí ọdún 1845. Smith & Wesson ní Amẹ́ríkà gbé .22 Short jáde ní 1857, .22 Long Rifle sì dé ní 1887. Èyí tó dé gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n ṣì ń yìn ní Òlíńpíìkì títí dòní. Rimfire ni wọ́n ń pè é, torí pé inú etí ìdí páànù ọta náà ni èròjà tó ń ṣáná wà. Ìbọn á gbá etí yẹn, iná á ràn mọ́ ẹ̀tù, ọta á fò jáde. Ẹ fi ọ̀rọ̀ etí yìí sọ́kàn o, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Winchester gbé Model 52 jáde, ìbọn yẹn sì jọba ní pápá ìdíje Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Jámánì, ìdílé Anschütz ti ń ṣe ìbọn láti 1856. Ogun Àgbáyé Kejì gba iléeṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ulm ní 1950. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, ìbọn wọn ló kún ọwọ́ àwọn tó ń lọ sí Òlíńpíìkì. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: iléeṣẹ́ ló ṣe méjèèjì. Wọ́n wọ́n lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ, Ruger gbé 10/22 jáde ní 1964, ìbọn tí owó rẹ̀ kò ga, mílíọ̀nù mélòó kan ni wọ́n sì ti tà.

Kí wá ni owó ńlá ń rà? Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pá ìbọn tí inú rẹ̀ dán, tó sì dọ́gba láti ìdí dé ẹnu, tí ibi tí ọta ń jókòó sí kò fẹ̀ jù. Èkejì, tírígà fífúyẹ́ tí kì í yí padà. Ẹ̀kẹta, ìdí ìbọn tí wọ́n lè tún ṣe kó bá èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni mu. Ìbọn iléeṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú náà lè yìn dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé méjì tí wọ́n jáde lọ́jọ́ kan náà lè má ṣe bákan náà. Ìdánilójú ni olówó ń sanwó fún. Ó sì ní ìdí: àárín àmì tó ń fúnni ní 10 kò ju mìlímítà 10.4 lọ, láti mítà 50.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ etí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń dúró dè wá. Bí èròjà ìṣáná kò bá tẹ́ dọ́gba nínú etí páànù, ọta kan á yára ju èkejì lọ, wọn ò sì ní bọ́ síbì kan náà. Ẹni tó ń lo rimfire kò lè tún ọta rẹ̀ ṣe nílé. Bí iléeṣẹ́ bá ṣe rọ ọ́ ló máa yìn ín. Ìdí nìyẹn tí àwọn eléré ìdíje fi ń gbé ìbọn wọn lọ sọ́dọ̀ Eley ní Ìlú Ọba tàbí Lapua ní Jámánì, kí wọ́n lè dán oríṣiríṣi ọta wò títí wọn ó fi rí èyí tí ìbọn náà fẹ́. Bí ọta burúkú bá wọ ìbọn olówó iyebíye, ìbọn aláìlówó tó rí ọta tó bá a mu lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbolẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ Matt Emmons. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004, díẹ̀ ṣáájú ìdíje tí Amẹ́ríkà fi ń yan àwọn tó máa lọ sí Athens, ẹnì kan ba ìbọn rẹ̀ jẹ́ ní ibùdó ìgbaradì. Ìbọn tó ti mọ́ ọn lára, tó mọ gbogbo ìwà rẹ̀! Amber Darland tí wọ́n jọ ń yìnbọn ló yá a ní tirẹ̀. Ìbọn ìdíje gidi ni o, ẹ má rò pé ti ọjà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Ìbọn àyálò yẹn ló fi dojú bolẹ̀ ní Athens, tó sì fi gba góòlù mítà 50.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó wọ ìdíje ti ìdúró, ìkúnlẹ̀ àti ìdojúbolẹ̀. Ó ti fi 3 ṣíwájú gbogbo wọn, ó ku ọta kan ṣoṣo. Ó yìn ín, ó ní 8.1. Èyí ti tó fún góòlù, àfi pé àmì ẹlòmíì ló yìn! Òdo ni wọ́n kọ fún un, ó já sí ipò kẹjọ, Jia Zhanbo ti Ṣáínà sì gba góòlù. Ọ̀pá ìbọn kò yẹ̀, ọta kò yẹ̀. Ojú ló yẹ̀. Ní Beijing ní 2008, ó tún wà níwájú títí di ọta ìkẹyìn. Ìka rẹ̀ kan tírígà kó tó ṣe tán, ó ní 4.4, ó sì já sí ipò kẹrin. Tírígà fífúyẹ́ tí owó ńlá ń rà, òun náà nìyẹn.

Nítorí náà, èsì wa rèé. Ìbọn olówó ńlá ń ṣe nǹkan kan tó dájú: ó ń mú àwáwí kúrò. Bí ọta bá yẹ̀, o mọ̀ pé ìwọ ni. Ẹni tó wà lókè pátápátá, tí ìdá kan ṣoṣo lè gba góòlù lọ́wọ́ rẹ̀, nílò rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní tirẹ̀, kó ra ìbọn iléeṣẹ́ tó ṣeé gbọ́kàn lé, kó ná ìyókù lórí ọta àti ìdánrawò. Òótọ́ ni pé owó ló ń pa ọbẹ̀ tó dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ iyọ̀ sí i, ẹja olówó ńlá ló máa bàjẹ́ sínú ìkòkò rẹ̀.

Kí lẹ rò, ẹ̀yin ènìyàn wa? Nínú iṣẹ́ tiyín, irinṣẹ́ ni àbí ọwọ́? Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.