Lókè Bíríjì, Lábẹ́ Bíríjì: Ìjà Lórí Ìwé Àṣẹ Onímọ́tò

Àwa tí a ń wọ dánfó ní Dọ̀pẹ̀mú lọ sí kíláàsì mọ ohun tí à ń pè ní pátíkúlà dáadáa. Bí VIO bá ti dá ọkọ̀ dúró, òun ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìjà lórí ìwé yìí ti wà kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa.

Nígbà ìjọba òyìnbó, ìjọba ló ni rélùwéè. Nígbà tí lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò àti ẹrù mọ́ ọn lọ́wọ́, ìjọba di owó lé àwọn onílọ́rì lórí. Ní 1937, ẹgbẹ́ onímọ́tò, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí wọ́n kà sí ìrẹ́jẹ.

Ní 2012, Gómìnà Fáṣọlá bu ọwọ́ lu òfin ìrìnnà Èkó, wọ́n sì lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, ìjọba Sanwó-Olú fi bíríjì 40 kún un fún ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, bíríjì Dọ̀pẹ̀mú sì wà nínú wọn. Nítorí náà, ọlọ́kadà tó ní ìwé pípé tó ń ná èrò lábẹ́ bíríjì lè di arúfin bó bá gun òkè bíríjì yẹn. Ìwé nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìwé náà dé.

Ní 2022, ìjọba ní kí onídánfó máa san ₦800 lójúmọ́, kí owó káàkiri lè dópin. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ méje. Wọ́n ní àwọn ṣì ń sanwó fún agbèrò láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì.

Ohun tí a rí kọ́ nìyí: awakọ̀ kì í kórìíra ìwé àṣẹ lásán. Ẹni tó sanwó tán tí wọ́n tún ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kì í rí ìdí tí yóò fi sọ ìwé rẹ̀ di ọ̀tun. Bí ìwé bá sì gbó, bíréèkì lè ti gbó pẹ̀lú rẹ̀, àwa la sì wà nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan: owó tí agbèrò ń gbà, àpò wa ló ti ń jáde.