A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Eré Ìdárayá Yunifásítì Amẹ́ríkà Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Àwòrán kan wà tí wọ́n yà ní ọdún 1918 ní pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ Georgia Tech, ní ìlú Atlanta, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn òǹwòran jókòó lọ bẹẹrẹ, wọ́n dé fìlà, wọ́n wọ kóòtù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n wá wò. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà kan, Thomas Carter, ló ya àwòrán ọ̀hún. Nígbà tó di ọdún 2020, àwòrán yìí ṣàdédé gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, nítorí pé ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ti tún padà wá: ṣé ó yẹ kí àwọn ọmọ yunifásítì máa ṣe ìdíje eré ìdárayá nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ènìyàn?

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n ìtàn ọdún méjèèjì fi hàn pé ìbéèrè mìíràn wà lábẹ́ èyí tó le jù ú lọ: ta ló láṣẹ láti pinnu, ẹ̀mí ta ni wọ́n sì fi ń ta tẹ́tẹ́? Yorùbá ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní 1918 àti ní 2020, orí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fẹ́ fá, ìwọ̀nba ni àwọn olórí sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pọ́n abẹ.

Ọdún Lúkúlúkú

Àrùn influenza, tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá sọ ní lúkúlúkú, jà káàkiri ayé ní ọdún 1918. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ èbúté Èkó. Oṣù yẹn kan náà ló ń ràn bí iná ọyẹ́ ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 675,000 ènìyàn ló pa ní Amẹ́ríkà nìkan. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kì í ṣe arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan ló ń mú lọ. Ó ń pa àwọn tó wà láàárín ogún sí ogójì ọdún lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn géńdé tí ara wọn le koko, ìyẹn irú ènìyàn tó ń wọ pápá bọ́ọ̀lù gan-an.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ nígbà náà pé ìpéjọpọ̀ ń tan àrùn ká. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ìlú Philadelphia ṣe ìwọ́de láti fi kó owó ogun jọ, nǹkan bí 200,000 ènìyàn sì tú jáde. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilé ìwòsàn ìlú náà kún àkúnya. Ìlú St. Louis ní tirẹ̀ tètè ti ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé eré pa, iye òkú rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti Philadelphia.

Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù? Ogun ni. Amẹ́ríkà ń ja Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1918, ìjọba sọ yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lé ní 500 di ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ di ọmọ ogun, abẹ́ àṣẹ ológun ló sì wà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Wọ́n ń fọwọ́ gbé e sá ni, wọ́n ń fi èjìká kọlu ara wọn, wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun gbà pé irú eré bẹ́ẹ̀ ń sọ ọ̀dọ́ di akin fún ojú ogun, nítorí náà wọn kò fẹ́ kó parẹ́. Wọ́n dín ìrìn-àjò kù, wọ́n sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní náà wọ pápá.

Àrùn náà ń pàṣẹ tirẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìlera ìlú kọ̀ọ̀kan ń ti pápá pa, wọ́n sì wọ́gi lé ọ̀pọ̀ ìfigagbága oṣù Kẹwàá. Yunifásítì Pittsburgh, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Pop Warner, kò bẹ̀rẹ̀ títí oṣù Kọkànlá fi wọlé. Ìfigagbága márùn-ún péré ni wọ́n gbá, wọ́n borí nínú mẹ́rin. Michigan náà gbá márùn-ún, ó sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ìwé ìtàn kà sí olúborí ọdún náà.

Ohun tí eré lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn wá hàn kedere ní oṣù Kẹrin ọdún 1919, láàárín àwọn tó ń fi eré jẹun. Nígbà tí wọ́n ń gbá àṣekágbá họ́kì orí yìnyín fún ife ẹ̀yẹ Stanley ní Seattle, àwọn agbábọ́ọ̀lù Montreal dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fòpin sí ìdíje náà láìsí olúborí. Joe Hall, ọ̀kan nínú wọn, kú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà.

Nígbà tí Kòrónà Dé

Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e, eré ìdárayá yunifásítì kúrò ní ohun ìgbafẹ́, ó di òwò ńlá. Pápá bọ́ọ̀lù Yunifásítì Michigan nìkan gba èrò tó ju 100,000 lọ. Iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń san owó gọbọi, owó oṣù àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń ròkè, àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn kò sì gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ilé gbígbé àti oúnjẹ ni tiwọn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2020, àjọ NCAA tó ń ṣàkóso eré wọ̀nyí wọ́gi lé ìdíje bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí baskẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 1939 tí ìdíje ti àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò wọ́gi lé e rí, kódà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àjọ náà ti ṣètò láti pín 600 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn yunifásítì ńlá. 225 mílíọ̀nù ni wọ́n rí pín. Lára àwọn tí ìpinnu yìí kàn ni Ayọ̀ Dòsùnmú, ọ̀dọ́kùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ìdílé Yorùbá, tí wọ́n bí ní Chicago, tó sì ń ṣeré fún Yunifásítì Illinois. Láti ọdún 2013 ni Illinois kò ti dé ìdíje náà. Ọdún tí ilẹ̀kùn fẹ́ ṣí ni àrùn tì í.

Ìpinnu oṣù Kẹta rọrùn, nítorí gbogbo ayé ló ń tìlẹ̀kùn. Ti oṣù Kẹjọ ló di àríyànjiyàn. Ivy League, ẹgbẹ́ yunifásítì mẹ́jọ tí Harvard àti Yale wà nínú wọn, ti kéde ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje pé àwọn kò ní ṣe eré kankan títí ọdún yóò fi parí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, líìgì ńlá méjì, Big Ten àti Pac-12, sún bọ́ọ̀lù tiwọn síwájú. Àwọn líìgì ńlá mẹ́ta yòókù ní àwọn yóò gbá a. Àrùn kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà ni, ìdáhùn kò sì dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí eré máa lọ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Trevor Lawrence, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù Clemson, sọ pé bí wọ́n bá dá àwọn padà sílé, ewu tí àwọn yóò bá pàdé níbẹ̀ lè pọ̀ ju ti ọgbà lọ, nítorí pé dókítà àti àyẹ̀wò wà lọ́gbà. Owó bọ́ọ̀lù ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ eré mìíràn ró. Ní oṣù Keje ọdún náà, Yunifásítì Stanford kéde pé òun yóò pa ẹgbẹ́ eré 11 rẹ́, kó tó yí ìpinnu náà padà lọ́dún kejì. Lójú àwọn wọ̀nyí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn tó ní kí wọ́n dúró náà ní ẹ̀rí. Àwọn dókítà ti ń rí i pé àrùn náà lè mú kí iṣan ọkàn wú, àìsàn tó lè pa eléré ìdárayá lójijì. Bẹ́ẹ̀ sì ni àgàbàgebè kan hàn gbangba. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill kéde pé kí ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí àrùn ti ràn lọ́gbà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré tí wọ́n wọlé. Bọ́ọ̀lù kò dúró. Bí ọgbà bá léwu fún ẹni tó fẹ́ jókòó ka ìwé, báwo ni kò ṣe léwu fún ẹni tó ń mí sójú ẹlòmíràn lórí pápá?

Àwọn Olórí Fọhùn

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ, àwọn agbábọ́ọ̀lù Pac-12 kọ̀wé síta pé àwọn kò ní ṣeré bí kò bá sí ètò ìlera tó péye àti ìdajì owó tí eré ń mú wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Lawrence àti àwọn mìíràn kéde pé àwọn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ènìyàn rò pé ìjà dé láàárín wọn, àfi bí àwọn méjèèjì ṣe para pọ̀ lóru ọjọ́ kan, tí wọ́n sì gbé ìwé kan jáde: àwọn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kí òfin ìlera kan náà de gbogbo líìgì, kí ẹni tí kò bá fẹ́ gbá a lè yẹra láìpàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù sì ní ẹgbẹ́ tí yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Ìwé yẹn ló mọ́gbọ́n wá jùlọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ nígbà náà.

Ẹ̀bẹ̀ náà kò rí ìdáhùn kíkún. Àwọn òbí fi ẹ̀hónú hàn, agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ láti Nebraska gbé Big Ten lọ sílé ẹjọ́, Ààrẹ Donald Trump sì pe olórí líìgì náà lórí fóònù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, Big Ten yí ohùn padà: àyẹ̀wò ojoojúmọ́, àyẹ̀wò ọkàn fún ẹni tí àrùn bá mú, ó kéré tán ọjọ́ 21 kó tó padà sórí pápá nínú ìfigagbága. Pac-12 tẹ̀lé e. Ẹ̀tọ́ láti yẹra wà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò sí.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìyẹn, ọmọ ogún ọdún kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì kékeré kan ní Pennsylvania kú. Àrùn kòrónà ló mú un, ẹ̀jẹ̀ sì dì sí i lára. Líìgì tirẹ̀ ti dá eré dúró láti oṣù Keje. Ikú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni nínú àríyànjiyàn náà. Ó kàn ń rán gbogbo wọn létí pé ara tí ó le kì í ṣe odi.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà, wọ́n sì ń kọsẹ̀ lọ. Wọ́n wọ́gi lé tàbí sún ìfigagbága tó lé ní ọgọ́rùn-ún síwájú. Àrùn mú Lawrence fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá, Notre Dame borí Clemson tí Lawrence kò sí nínú rẹ̀, ayọ̀ sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ orí pápá, wọ́n ń dì mọ́ra. Ìdíje Rose Bowl kúrò ní California lọ sí Texas, nítorí California kò gbà kí òǹwòran wọlé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, Alabama na Ohio State ní 52 sí 24, ó gba ife ẹ̀yẹ. Ní oṣù Kẹta, wọ́n kó gbogbo ìdíje baskẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin jọ sí ìpínlẹ̀ Indiana. Ẹgbẹ́ VCU dé ibẹ̀, àyẹ̀wò mú wọn, wọ́n sì padà sílé láìgbá bọ́ọ̀lù kankan. Dòsùnmú tó ti padà sí Illinois rí ìdíje tó ń wá, ó wà lára àwọn márùn-ún tó mọ̀ ọ́n gbá jùlọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà, ṣùgbọ́n Loyola Chicago lé wọn jáde ní ìpele kejì. Ẹgbẹ́ Chicago Bulls mú un ní oṣù Keje. Fún irú rẹ̀, ọdún tí eré wáyé yẹn já sí oúnjẹ òòjọ́.

Ohun Tó Kù Lẹ́yìn Eré

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, àwọn oníṣègùn Big Ten ṣírò ohun tí wọ́n rí. Nínú eléré 1,597 tí àrùn mú tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ yẹ ọkàn wọn wò dáadáa, 37 ni iṣan ọkàn wọn wú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ rárá pé nǹkan kan ń ṣe àwọn. Iye yẹn kéré sí ohun tí àwọn ẹlẹ́rù ń sọ, ó sì pọ̀ ju ohun tí àwọn aláìbìkítà ń sọ lọ. Àyẹ̀wò ló tú u fó. Yunifásítì tí kò lówó àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kì bá tí mọ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fẹnu kò pé NCAA kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dí akẹ́kọ̀ọ́ eléré lọ́wọ́ gbígba àwọn ìrànwọ́ kan tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, àjọ náà gbà pé kí wọ́n máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó. Ẹjọ́ náà ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún tí wọ́n pe ọ̀dọ́ tí kò gbowó iṣẹ́ wá sínú ewu kí àpò má baà gbẹ, ó ṣòro láti sọ pé eré lásán ni.

Nítorí náà, ṣé ó yẹ kí eré máa lọ? Ivy League tètè rí ìdáhùn nítorí pé kì í fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ra eléré, owó amóhùnmáwòrán kò sì di í lọ́rùn. Àwọn yòókù fi oṣù méjì wá ohun tí ọwọ́ owó yóò jẹ́ kí wọ́n rí. Eré lè wáyé nígbà àrùn bí àyẹ̀wò bá wà, bí òtítọ́ bá wà, bí ẹni tó ń gbé ewu bá sì lè sọ pé rárá láìsí pé ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ bọ́ sọ́nù. Ní 1918, ológun ló pàṣẹ. Ní 2020, owó ló pàṣẹ. Nínú àwòrán Georgia Tech yẹn, àwọn òǹwòran tó bo imú ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Àwọn tó wà lórí pápá, tí wọ́n ń forí gbárí láìsí ìbòmú, kò sí nínú rẹ̀.