Eré Tí Ń Kọ́ Ọmọ Níwèé: Ohun Tí A Bá ní Sókótó

  Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ètò yìí, mo rò pé ìtàn bí àwa Yorùbá ṣe dé Sókótó ni wọ́n fẹ́. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lọ́kàn mi. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Eré ni mo fi ń kọ́ wọn ní ìtàn, ìṣirò àti jọ́gíráfì. Ní ọjọ́ kan, bàbá kan yà wá wo ọmọbìnrin rẹ̀, ó bá a lórí ilẹ̀ tó na gbalaja, aṣọ búlúù lára rẹ̀. Wọ́n ní odò ni. Bàbá náà fà á lọ́wọ́ dìde, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́ sà, mi ò san owó ọkọ̀ kí ọmọ mi wá máa ṣe aláwàdà." N kò bá a jà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí n jókòó ti ìtàn, kí n wò ó bóyá èmi ni mo ṣìnà.

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Àwa tí a ti wà ní Sókótó ńkọ́, níbo la ó tún wá a lọ? Bí ẹ bá bi àwọn tó kàwé nípa ẹ̀kọ́ kíkọ́, ìlú Òyìnbó ni wọn yóò tọ́ka sí. Wọn yóò sọ ti Harriet Finlay-Johnson, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan ní Sompting, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi eré kọ́ ìtàn, tó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1911. Wọn yóò sọ ti gbọ̀ngàn eré Belgrade ní Coventry, níbi tí wọ́n ti kó àwọn òṣèré àti olùkọ́ jọ ní 1965 kí wọ́n máa wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ fi eré kọ́ àwọn ọmọ. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Coventry níbí, àwọn ọmọ Háúsá ti ń ṣe tàṣé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílùú yìí mọ̀ ọ́n. Bí ààwẹ̀ Ramadan bá ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn ọmọdé yóò máa ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Ọ̀kan yóò lẹ òwú mọ́ àgbọ̀n bí irùngbọ̀n arúgbó, òmíràn yóò ṣe ìyàwó, òmíràn yóò lu agbè. Wọn yóò fi ara wọn ṣe àgbà, wọn yóò fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, onílé yóò sì fún wọn lówó tàbí oúnjẹ. (Àwa náà ní ajíwéré tiwa nílé, òun ni fújì ti jáde, ṣùgbọ́n orin ló pọ̀ nínú ìyẹn ju eré lọ.) Ẹni tó bá wo ọmọ tó ń ṣe arúgbó nínú tàṣé dáadáa yóò rí i pé ọmọ náà ti kọ́ bí arúgbó ṣe ń rìn, bó ṣe ń kí èèyàn, àti ohun tó ń bí i nínú. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sójú pátákó fún un.

Nínú ìlú yìí kan náà ni Nana Asma'u, ọmọ Ṣéù Usman dan Fodio, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 1793 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1864. Ó kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Háúsá. Ó kó àwọn obìnrin jọ láti abúlé, àwọn tí a mọ̀ sí Yan Taru, ó sì fi olórí lé wọn lórí, ìyẹn jàjí, pẹ̀lú fìlà koríko tó ní aṣọ pupa lára. Jàjí yóò kó wọn wá sọ́dọ̀ rẹ̀, wọn yóò kọ́ ewì náà sórí, wọn yóò sì padà lọ kọ́ àwọn tó wà nílé. Nínú ewì rẹ̀ kan, orúkọ àwọn súrà Kùránì ló tò lẹ́sẹẹsẹ kí ó má baà sọnù lọ́kàn ẹni. Èyí kì í ṣe eré orí ìtàgé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó bá tiwa mu níbẹ̀ ni pé ẹni tó wá kẹ́kọ̀ọ́ kò jókòó gbọ́ lásán: ó ní láti lọ ṣe é lójú ẹlòmíràn.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba dé. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ Màlámù Aminu Kano, nítorí òṣèlú nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Tíṣà ni. Ó kọ eré ní èdè Háúsá, ọ̀kan nínú wọn sì dá lórí bí wọ́n ṣe ń rẹ́ èèyàn jẹ lọ́jà Kánò. Lẹ́yìn tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, níbi tó ti kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́, ẹkùn Sókótó níbí ni wọ́n gbé e wá ní ìparí àwọn ọdún 1940, láti ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà ní Màrù. Màrù ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Zamfara báyìí, láti 1996 tí wọ́n ti gé e kúrò lára Sókótó. Ní 1950 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá òṣèlú lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ eré ni wọ́n fi àwọn olùkọ́ ọ̀la lé lọ́wọ́.

Ti ọ̀dọ̀ wa kò ní gùn, nítorí ẹ mọ̀ ọ́n. Eré Hubert Ogunde àkọ́kọ́, ní 1944, ìtàn ọgbà Édẹ́nì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ìjọ. Tíṣà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tíṣà ni Dúró Ládiípọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì gbọ́ ni ti ilé ẹ̀kọ́ William Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí Faransé ti ń kó àwọn ọmọ tó mọ̀wé jọ láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí àwọn ọmọ bá lọ lo họlidé nílé, wọ́n ní láti bi àwọn àgbà ní ìbéèrè nípa àṣà àti ìtàn ìlú wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú irú rẹ̀ ni eré ti jáde. Ní 1933, àwọn ọmọ Dàhọ̀mì ibẹ̀ ṣe eré ìpàdé ìkẹyìn láàrin Ọba Béhanzin àti Bayol, aṣojú Faransé. Ní 1937 wọ́n gbé eré lọ sí Paris. Mo fẹ́ràn apá tí ọmọ fi ń lọ bi bàbá rẹ̀ àgbà léèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó jẹ́ òyìnbó ló jókòó síwájú, òun ló sì ń wò ó bóyá bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ ọba náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó bá ń darí eré ọmọdé ló ń pinnu ohun tí ọmọ náà yóò gbà gbọ́.

Èmi náà jẹ̀bi nínú èyí. Ogun Kírìjì ni a fi ṣeré. Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìbàdàn wà lápá kan lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, Èkìtì Parapọ̀ wà lápá kejì, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì ni ọ̀gá ogun wọn. Ìró àgbá tí Èkìtì Parapọ̀ ń yìn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Kí ó lè tètè yé àwọn ọmọ, mo gé e kúrú: mo ní Ìbàdàn ni ìkà, Èkìtì ni ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà. Ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá kan ló ṣe ajẹ́lẹ̀. Ó wọ agbádá bàbá rẹ̀, ó ń gba àdìẹ, ó ń gba iṣu, ó ń lé àwọn arúgbó kúrò lórí àga. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mi ò rántí pé ọmọ Ìbàdàn ni ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ajẹ́lẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́nà ilé ẹ̀kọ́. Kò wá sí kíláàsì mọ́. Ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá ní, "Bàbá, ṣé ogun tó ti parí kí wọ́n tó bí bàbá mi àgbà ni ẹ fẹ́ fi lé ọmọ mi kúrò láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀?" Mi ò rí èsì fún un.

Mo padà lọ ka ìtàn náà dáadáa, ohun tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. A tún eré náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà wá. A fi kún un pé Ìbàdàn yìí kan náà ló dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840 (ẹ̀yin èèyàn wa láti Ìlọrin, ẹ má bínú), àti pé nígbà Kírìjì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo pààrọ̀ àwọn ọmọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe Látòósà. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ṣe ajẹ́lẹ̀ tí Fábùnmi pa, ó sì wá mọ̀ pé ajẹ́lẹ̀ náà ní ẹ̀mí. Ọmọ Ìbàdàn tí mo sọ yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe Àlùfáà Samuel Johnson, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé iṣẹ́ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì ní 1886. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ló dúró láàrin gbọ̀ngàn, ó ní, "Bàbá Tíṣà, tí wọ́n bá ti fọwọ́ síwèé ní 1886, kí ló dé tí wọn ò lọ sílé títí di 1893?"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ tíṣà, ọmọ kankan kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Nínú ìwé, ìlà méjì ni ọdún méjèèjì. Lójú ẹni tó ń ti ibùdó kan rìn dé èkejì, ọdún méje ni. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ Mọ́dákẹ́kẹ́ kò tíì tán, pé Ìlọrin àti Ìbàdàn ṣì dojú kọ ara wọn lápá Ọ̀fà, àti pé Gómìnà Carter ló wá tú ibùdó ká ní 1893. Kò gbà kíá. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá bàbá ọmọ tó na gbalaja lórí ilẹ̀ lóhùn. Odò Rímà ni ọmọ náà. Ọmọkùnrin kan ni Odò Sókótó, ó gba Gúsáù wá. Àwọn méjèèjì pàdé nítòsí ìlú wa níbí, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n kọjá Argungu, wọ́n kọjá Birnin Kebbi, wọ́n wọ Odò Ọya. Ọmọbìnrin yín ló bèèrè ibi tí omi náà ń lọ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí a sọ fún un pé ó ń gba Kainji lọ sí Jẹ́bà, ó ké pé, "Abẹ́ afárá tí a ń gbà lọ sílé ni!" Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà ni ẹ wọlé, sà.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni eré ń kọ́ dáadáa o. Ọjà tí a dá sílẹ̀ fún ìṣirò, ariwo ìnájà ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ kò rántí ṣẹ́ńjì tí wọ́n gbà. Wọ́n ṣì ní láti kọ́ ìlọ́po sórí bí a ṣe kọ́ ọ.

Eré tó kàn ni bí àwọn èèyàn wa ṣe dé ibí. Rélùwéè dé Kaura Namoda ní 1929, kò sì wọ Sókótó. Lọ́rì ló ń gbé èrò àti ẹrù láti ibẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń kó ìbéèrè jọ: èló ni owó ọkọ̀, kí ni wọ́n jẹ lọ́nà, ta ló gbà wọ́n sílé lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yà sí gbọ̀ngàn ní Sátidé láago mẹ́wàá àárọ̀. Ọmọ tó ṣe Johnson ni yóò ṣe dẹ́rẹ́bà lọ́rì náà, ó ti ń wá fìlà. Odò Rímà náà ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wà níbẹ̀, bí bàbá òun bá gbà.