Bí Òfin Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Ṣọ́ Àgbàrá Ibi Ìkọ́lé

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tí àgbàrá ń bọ̀ wá bá ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n àgbàrá kan wà tí ó ń ti ilẹ̀ ẹni tí ń kọ́lé jáde, tí ó sì ń lọ ba omi ẹlòmíràn jẹ́. Ìtàn bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ irú àgbàrá bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ilẹ̀ tí igi àti koríko bò kì í tètè ṣí. Gbòǹgbò dì í mú, ewé sì ń gba òjò sára. Nígbà tí katakata bá ti ha á, òjò a máa lu erùpẹ̀ lásán, àgbàrá a sì gbé e lọ. Ẹrẹ̀ náà a dí gọ́tà, a bo ibi tí ẹja ń yé sí, a sì dín jíjìn odò kù.

Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó yè kooro. Ní ọdún 1967, Gordon Wolman àti Asher Schick tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn odò ìpínlẹ̀ náà, ní àkókò tí ilé titun ń yọ bí olú. Wọ́n fi hàn pé erùpẹ̀ tí ilẹ̀ tí a ṣí sílẹ̀ fún ìkọ́lé ń pàdánù lọ́dún kan ṣoṣo lè tó èyí tí ilẹ̀ oko yóò pàdánù ní ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Ní 1970, Maryland ṣe òfin lórí dídènà ẹrẹ̀ náà.

Ìjọba àpapọ̀ pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Òfin omi ti 1972, tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí lẹ́yìn tí Ààrẹ Nixon kọ̀ ọ́, dojú kọ omi ìdọ̀tí tí ń ti ẹnu páìpù jáde. Àgbàrá kò sì ní ẹnu kan ṣoṣo. Àtúnṣe 1987 ni ó dárúkọ àgbàrá òjò ní pàtó. Ìlànà 1990 kan ibi ìkọ́lé tí ó tó éékà 5, ìyẹn bíi hẹ́kítà 2. Ti 1999 sọ ọ́ di éékà 1. Láti ìgbà náà, agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó dènà ẹrẹ̀, kí ó sì máa yẹ ilẹ̀ náà wò lóòrèkóòrè.

Ìjà kò tán síbẹ̀. Ní 2009, àjọ EPA fi òǹkà lé bí omi náà ṣe lè rú tó. Àwọn akọ́lé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, wọ́n sì yọ òǹkà náà kúrò ní 2014. Àyẹ̀wò ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n òǹkà tí ì bá sọ ẹni tí ó jẹ̀bi kò sí mọ́.

Kí ni èyí jẹ́ fún àwa tí omi Wẹ̀mẹ̀ àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ jẹ́ tiwa? Òfin kò wọ́n wa. Abala 27 ìwé òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tí ó dára, ó sì sọ ọ́ di ojúṣe rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Òfin 98-030 ti ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1999 béèrè pé kí a yẹ ipa iṣẹ́ ńlá lórí àyíká wò kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìtàn Maryland fi kọ́ wa ni pé ìwọ̀n ni ó ṣáájú òfin. Àwọn kan ti kọ́kọ́ bu omi lẹ́yìn òjò, wọ́n wọn ẹrẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi sínú ìgò funfun ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ ibi ìkọ́lé lẹ́yìn òjò, ẹ jẹ́ kí ó tòrò, ẹ wọn ẹrẹ̀ tí ó sùn sí ìdí ìgò, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Onílé ni kò ní gbà fún àgbàrá; àwa sì ni onílé ọ̀sà yìí.