Ìtàn Yíyan Aṣàwákiri Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé àti Ohun tí Ojú Àkọtọ́ Yorùbá Rí Níbẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Bí ènìyàn bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú ilé rẹ̀, tí ó tẹ àwòrán kékeré kan láti wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè rò pé nǹkan kékeré ni òun ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwòrán náà ni ìjà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà. Ẹjọ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè wa pàápàá sì wà níbẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ìtàn bí àwọn onílé ṣe ń yan aṣàwákiri láti ọdún 1995 títí di òní, pẹ̀lú àfiyèsí sí Ìlọrin àti sí ẹni tí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ka Yorùbá tàbí kí ó fi kọ ọ́. Èrò wa ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń bá onílé yan aṣàwákiri. Bí olùkọ́ Yorùbá yóò bá sì yàn fún ara rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó fi dán an wò ni àkọtọ́ èdè rẹ̀.

Kí ni Aṣàwákiri?

Nínú iṣẹ́ yìí, aṣàwákiri ni a pe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí bíráósà. Ètò kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ó ń lọ bá kọ̀ǹpútà mìíràn tí ìwé wà lórí rẹ̀, ó ń gba ìwé náà wá, ó sì ń tò ó sójú kọ̀ǹpútà wa kí a lè kà á. A lè fi í wé ọmọ tí ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀wé ní kí ó bá òun ka lẹ́tà. Lẹ́tà kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà kò bá mọ̀ ọ́n kà, ìyá kò ní gbọ́ ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ sọ. Ó yẹ kí a tún fi ìyàtọ̀ kan hàn: Google tí a fi ń wá nǹkan kì í ṣe aṣàwákiri, Chrome tí ilé-iṣẹ́ Google ṣe ni aṣàwákiri.

Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe àkọ́kọ́ irú ètò yìí ní ibùdó ìwádìí CERN ní Switzerland ní ọdún 1990. Mosaic jáde ní Yunifásítì Illinois ní ọdún 1993. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n tún ṣe Netscape Navigator, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1994.

Ìgbà tí Aṣàwákiri Ń Bá Kọ̀ǹpútà Wálé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, Microsoft gbé Internet Explorer jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Netscape ní tirẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà ti rí aṣàwákiri nínú rẹ̀. Kí ni yóò tún wá òmíràn lọ fún? Ìjọba Amẹ́ríkà pe Microsoft lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1998. Ní ọdún 2000, Adájọ́ Thomas Penfield Jackson dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n pín in sí méjì. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé pípín náà ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé Microsoft ti rú òfin láti lè máa dá jẹ gàba. Nígbà tí ìdájọ́ yóò fi dé, Netscape ti rọ.

Ọwọ́ àwọn ará Ilẹ̀ Yúróòpù pẹ́ kí ó tó tẹ irú ẹ̀tọ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ Opera ti ilẹ̀ Nọ́wè kọ ẹ̀sùn ní oṣù kejìlá ọdún 2007. Láti oṣù kẹta ọdún 2010, ojú-ìwé kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí Windows ní Yúróòpù tí ó ń bi onílé léèrè pé aṣàwákiri wo ni ó fẹ́. Nígbà tí Microsoft kùnà láti máa fi ojú-ìwé náà hàn bí ó ti yẹ, wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù 561 owó yúrò lé e ní ọdún 2013. Àṣẹ náà kò dé Nàìjíríà.

Ní Ìlọrin, bí ó ṣe rí ní àwọn ìlú wa yòókù, inú káfé ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ mọ íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ẹni tí ó ra wákàtí kan kò ní àyè láti yan aṣàwákiri. Èyí tí onílé káfé bá fi síbẹ̀ ni yóò lò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn olùkọ́, Windows XP àti Internet Explorer 6 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé wá. Ẹni tí ó ra ẹran ni ó ra eegun mọ́ ọn.

Ìgbà tí Owó Dátà Ń Yan Aṣàwákiri

Firefox jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2004. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ náà lè wo inú rẹ̀ kí ó tún un ṣe. Chrome tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni Opera gbà wọ ọkàn àwọn ènìyàn wa. Opera Mini, tí ó jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2006, máa ń kó ojú-ìwé gba orí kọ̀ǹpútà ńlá tirẹ̀ kọjá, yóò fún un mọ́ra níbẹ̀, kí ó tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ní ọdún 2009, Opera fi irú ètò kan náà, Turbo, sí ti kọ̀ǹpútà. Fún ẹni tí ó fi mọ́dẹ́ẹ̀mù kékeré ra dátà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, èrè gidi nìyẹn, bí àwòrán tilẹ̀ ṣú díẹ̀. Ohun tí ó gba ipò àṣẹ ilé-iṣẹ́ ni àpò onílé. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó bi í nípa èdè rẹ̀.

Ohun tí Ojú Àkọtọ́ Rí

Àkọtọ́ Yorùbá ti rìn jìnnà kí ó tó bá kọ̀ǹpútà pàdé. Àwọn àgbà ìjọ àti onímọ̀ ṣèpàdé lórí rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1875. Ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, olúkúlùkù oníṣẹ́ fọ́ǹtì ń fi ẹ àti ọ sí ipò lẹ́tà mìíràn bí ó ti wù ú. Ojú-ìwé tí a bá fi irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ kọ yóò di àdììtú lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní in.

Ètò Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1991, ni ó yí èyí padà. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó dé bá aṣàwákiri àti fọ́ǹtì: kí wọ́n rí lẹ́tà náà, kí wọ́n sì gbé àmì sí ibi tí ó yẹ. Ibẹ̀ ni àwọn ti àtijọ́ ti ń kọsẹ̀. Internet Explorer 6 sábà máa ń fi àpótí kékeré dípò lẹ́tà tí kò bá sí nínú fọ́ǹtì tí ó ń lò. Firefox gbìyànjú jù ú lọ láti wá lẹ́tà náà nínú àwọn fọ́ǹtì yòókù. Ní ibòmíràn, àmì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: bí a bá yọ àmì kúrò, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni a ń sọ, tàbí ohun tí a fi ń roko, tàbí èyí tí a ń wọ̀, tàbí èyí tí a fi ń jagun? Akẹ́kọ̀ọ́ tí àpótí bá ń yọ sí lójoojúmọ́ yóò kẹ́kọ̀ọ́ láti máa kọ Yorùbá láìfàmì sí i. Bí ó bá di olùkọ́, ohun tí yóò kọ́ ọmọ nìyẹn. Ní Ìlọrin, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń fi ọwọ́ Lárúbáwá kọ Yorùbá, èyí tí a ń pè ní anjẹmi, ìdánwò náà di méjì, nítorí pé aṣàwákiri gbọ́dọ̀ lè tò ìwé láti ọ̀tún wá sí òsì pẹ̀lú.

Orúkọ Púpọ̀, Ẹ́ńjìnnì Kan

Lónìí, ọ̀pọ̀ ìṣòro yìí ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyípadà mìíràn ti dé. Opera pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tì ní ọdún 2013, ó sì bọ́ sórí ti Google. Edge, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2015, ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2020. Internet Explorer fúnra rẹ̀ sì kógbá wọlé ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ẹni tí ó bá ń yàn láàárín Chrome, Edge àti Opera, ọmọ ìyá kan náà ni ó ń yàn láàárín wọn. Firefox ṣì ń lo ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Safari tí ilé-iṣẹ́ Apple ṣe. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé bí àtúnṣe bá dé bá àkọtọ́ wa ní ibi kan, ó dé púpọ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, òun náà yóò dé púpọ̀.

Ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà tún ṣe pàtàkì. Chrome kọ Windows XP sílẹ̀ ní ọdún 2016. Firefox ń tún tirẹ̀ ṣe fún un títí di ọdún 2018. Chrome kọ Windows 7 náà sílẹ̀ ní ọdún 2023. Aṣàwákiri tí a kò tún ṣe mọ́ dà bí ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ olè.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú ìtàn yìí, a ti rí i pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe Windows ni ó kọ́kọ́ yàn fún onílé, lẹ́yìn náà ni iye owó dátà yàn fún un. A gba àwọn olùkọ́ níyànjú láti fi nǹkan mẹ́ta yàn fúnra wọn. Kí wọ́n kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sínú aṣàwákiri kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wò ó bóyá àmì jókòó síbi tí ó yẹ. Kí wọ́n wá ọ̀kan nínú wọn lójú ìwé: Chrome yóò ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n Firefox fi àyè sílẹ̀ láti ní kí ó ka àmì sí. Ní ìkẹta, kí wọ́n rí i dájú pé àwọn tí ó ṣe aṣàwákiri náà ṣì ń tún un ṣe fún irú kọ̀ǹpútà tí ó wà nílé wọn. Ìdánwò yìí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, a sì lè ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe é yóò mọ̀ pé bí àmì ohùn bá sọnù lójú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe Yorùbá ni ó ní àbùkù. Irinṣẹ́ ni, irinṣẹ́ sì ṣeé pààrọ̀.